Ta Ni Ó Ni Ife Ẹ̀yẹ Ọdún 2000?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹjọ́ kan ń bẹ ní ìlú Accra tí wọ́n ti ń rò fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún, tí kò sì sí adájọ́ tí ó tíì lè dá a. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ oyè. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hearts of Oak ni wọ́n ń bá ara wọn rò ó, ní James Town, ní Bukom, àti ní ibikíbi tí àgbàlagbà méjì tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bá ti jókòó pọ̀. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni iṣẹ́ olóògbé Cecil Jones Attuquayefio, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2000, nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Apá kan ní òun ni ó gbà á. Apá kejì ní ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ ni ó wá gbé.

Bí ẹnì kan bá bi wá léèrè pé kí ni ó kan Yorùbá níbẹ̀, èsì wa kò jìnnà. Ilẹ̀ Gánà kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Àwọn ìyá àti bàbá wa ru ẹrù lọ sí ọjà Accra àti Kumasi fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 fi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà wálé. Àdúgbò kan sì wà ní James Town títí di òní tí à ń pè ní Alata, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe àwọn ènìyàn tí ó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ju gbogbo èyí lọ, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé: báwo ni a ó ṣe wọn iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tí ó ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rí níwájú ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Ọdún 1911 ni a dá Hearts of Oak sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ife ńlá ilẹ̀ Áfíríkà dà bí oyin inú àpáta lójú wọn: wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, ọwọ́ wọn kò tó o. Ní 1977, wọ́n dé àṣekágbá, Hafia ti ilẹ̀ Gínì sì nà wọ́n. Ní 1979, wọ́n tún dé ibẹ̀, Union Douala ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù fi pẹ́nárítì borí wọn. Asante Kotoko, orogún wọn ti Kumasi, sì ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1970 àti ní 1983.

Ní 1998 ni Attuquayefio gba iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, Hearts lọ bá Espérance ní ìlú Tunis, ó sì nà wọ́n ní ilé wọn, góòlù 2 sí 1. Nígbà tí wọ́n padà pàdé ní Accra, ó di 3 sí 1. Ní ọdún 2001, Hearts tún na Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ní 2 sí òdo, ó sì gba ife tí àwọn aṣíwájú méjèèjì máa ń dù. Àwọn ènìyàn sọ ẹgbẹ́ náà ní "64 Battalion", orúkọ ọmọ-ogun. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Gánà tí ó tún gba ife ńlá yìí.

Àwọn tí kò gbà pé Attuquayefio ni ó ni iṣẹ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní kí a rántí Petre Gavrila, ọmọ ilẹ̀ Rùmáníà, tí ó wà níbẹ̀ kí Attuquayefio tó dé. Wọ́n ní ọdún 6 léraléra, láti 1997 títí dé 2002, ni Hearts fi gba líìgì Gánà, nítorí náà ẹṣin tí ó ti ń sáré ni a gbé ọkùnrin náà gùn. Wọ́n ní kí a rántí Harry Zakour tí ó ń darí ẹgbẹ́ náà nígbà náà. Wọ́n sì ní kí a ka àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: Sammy Adjei tí ń ṣọ́ ilé, Jacob Nettey tí í ṣe balógun wọn, Emmanuel Osei Kuffour, Charles Taylor, àti Ishmael Addo tí àwọn aṣọ́lé ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ta ni a ó fún ní irú àwọn wọ̀nyí tí kò ní borí?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò gún régé dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ dídára nìkan ni ó ń gba ife, Hearts ìbá ti gbà á ní àkókò Mohammed Ahmed Polo, Peter Lamptey àti Anas Seidu, àwọn ọmọ tí ìran kan ní Accra kò lè gbàgbé láéláé. Wọn kò gbà á. Pákó dáradára kì í fúnra rẹ̀ di àpótí. Kí a gba líìgì nílé jẹ́ ohun kan. Kí a wọ ìlú Tunis, níbi tí gbogbo ènìyàn inú pápá ń hó lé wa lórí, kí a sì borí níbẹ̀, ohun mìíràn ni. Ẹni tí ó jogún oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó sì kórè rẹ̀, a lè sọ pé orí rẹ̀ dára. Ẹni tí ó jogún oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó sì mú kókó jáde nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Great Olympics ni Attuquayefio gbá bọ́ọ̀lù fún ní ìgbà èwe rẹ̀, ẹgbẹ́ tí í ṣe orogún Hearts nínú ìlú Accra kan náà. Ní 1965, ó wà lára ikọ̀ Black Stars tí ó lọ gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Tunis, tí wọ́n na Tùnísíà ní ilé rẹ̀, góòlù 3 sí 2. Ta ni ó kọ́ ikọ̀ náà? Charles Kumi Gyamfi ni, ọmọ Gánà, tí ó ti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó sì padà wá fi ohun tí ó rí kọ́ àwọn ọmọ ilé. Gyamfi gba ife náà ní 1963, ní 1965 àti ní 1982. Fred Osam-Duodu gbà á ní 1978. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Gánà ti gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì jẹ́ pé ọmọ onílé ni ó darí wọn. Kí àwọn tí ń rò pé ọgbọ́n bọ́ọ̀lù kò lè wá àfi láti òkè òkun fi etí sí èyí. A kò kórìíra àlejò, nítorí ẹ̀kọ́ kò ní àwọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí Gyamfi kọ́ ní Tunis ní 1965 ni ó padà sí Tunis lẹ́yìn ọdún 35, tí ó mú àwọn ọmọ tirẹ̀ dání. Ẹ̀kọ́ tí ó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn, kì í ṣe orí rere lásán.

Ẹ̀rí kan tún wà tí àwọn ará Accra kì í sábà mẹ́nu kàn, ṣùgbọ́n tí àwa kò gbọdọ̀ gbàgbé. Lẹ́yìn ọjọ́ ògo Hearts, Attuquayefio lọ sí ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí kò ti bá orúkọ ńlá kankan nínú bọ́ọ̀lù. Òun ni ó mú wọn dé ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ọdún 2004, èyí tí wọn kò dé rí láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Ní Tùnísíà náà ni wọ́n ti ṣe é. Òtítọ́ ni pé Bẹ̀nẹ̀ kò borí níbẹ̀: Gúúsù Áfíríkà nà wọ́n, Mòrókò nà wọ́n, Nàìjíríà wa náà sì nà wọ́n ní 2 sí 1. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ọdún náà ni a kọ́kọ́ pe orúkọ ilẹ̀ wọn láàárín àwọn àgbà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò bá Zakour níbẹ̀, kò bá Osei Kuffour. Ohun tí ó gbé dání lọ síbẹ̀ ni ó wà nínú orí rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí a dá ẹjọ́ náà, àwa gbà pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Síbẹ̀ a ní ọ̀rọ̀ bíbá wí fún àwọn tí ń yìn ín pẹ̀lú. Àwọn kan ti sọ òkú ọkùnrin náà di pàṣán tí wọ́n fi ń na gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn Samuel Boadu. Ó dé Hearts ní oṣù kẹta ọdún 2021. Láàárín oṣù díẹ̀, ó gba líìgì tí Hearts kò rí gbà láti 2009, ó sì gba ife àpapọ̀ ilẹ̀ Gánà mọ́ ọn. Ní 2022, ó tún gba ife náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2021, Wydad na Hearts ní Casablanca, góòlù 6 sí 1. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án 2022, tí líìgì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà òun àti ẹgbẹ́ náà ti pín. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọdún mélòó ni Attuquayefio lò kí ó tó gba ife Áfíríkà? Ọdún kejì rẹ̀ ti kọjá kí ó tó gbà á. Bí a bá ti lé e lọ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ kọsẹ̀, orúkọ ta ni wọn ì bá máa fi na àwọn ẹlòmíràn lónìí? Ẹni tí ó bá fẹ́ èso ọdún kẹta kò gbọdọ̀ hú igi náà ní ọdún kìn-ín-ní láti wo gbòǹgbò rẹ̀.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan: wọ́n ní bí ó bá jẹ́ olùkọ́ gidi, kí ni ó fi sílẹ̀? Kí ní dé tí Hearts kò padà débẹ̀ mọ́? Ìbéèrè náà dára, ẹni tí a bi í ni kò tọ́. Attuquayefio kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Òkú kò lè tún ilé ṣe. Àwọn tí ó wà láàyè ni ó yẹ kí wọ́n jókòó tì í nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n bi í bí ó ti ń yan ọmọ, bí ó ti ń fi ìyà tọ́ wọn, bí ó ti ń ṣe ètò ìrìn-àjò sí ilé ọ̀tá, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ a máa bá onímọ̀ wọ ilẹ̀.

Àti pé ẹni tí ó bá ń ròyìn àwọn ọdún náà tí ó fo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2001 dá, kò tíì ròyìn. Ní ọjọ́ náà, Hearts àti Kotoko pàdé ní pápá ìṣeré Accra. Àwọn tí inú bí nítorí pé wọ́n pàdánù ń fọ́ àga. Àwọn ọlọ́pàá yin gáàsì tajútajú lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá a ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ó sì dá àwọn ọlọ́pàá lẹ́bi. Ère kan wà níwájú pápá náà lónìí, ti ọkùnrin tí ó gbé arákùnrin rẹ̀ dání. Àwọn tí ó kú yìí náà jẹ́ ara ogún ìgbà náà. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó lè mú wa jiyàn fún 20 ọdún lórí ife ẹ̀yẹ kan, ó yẹ kí ó lè mú wa bèèrè ní gbogbo ọjọ́ ìdíje bóyá ẹnu ọ̀nà pápá ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe rò pé ti Gánà nìkan ni. Ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn nípa ẹgbẹ́ IICC tí ó gba ife Áfíríkà ní 1976. Ó lè dárúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí fún yín, nítorí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kì í parẹ́ lọ́kàn ènìyàn. Ẹ bi í pé ta ni ó kọ́ wọn, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kadiri Ikhana tí ó fi Enyimba gba ife ńlá náà fún Nàìjíríà ní ìgbà àkọ́kọ́ ní 2003: àwọn ọmọdé wa mélòó ni ó mọ orúkọ rẹ̀?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ní Accra àti ní ọ̀dọ̀ wa, ní ìwé kan tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, tí yóò sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ nígbà tí ó bá lọ. Kí a fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún tí a bá a ṣàdéhùn, kí àdéhùn náà má sì jẹ́ ti ẹnu lásán. Kí àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Attuquayefio, tí wọ́n ṣì wà láàyè, jókòó kí wọ́n sọ ohun tí ó kọ́ wọn, kí ẹnì kan sì kọ ọ́ ní èdè Gá, ní Twi àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ará Accra bá ṣe èyí, kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ, nítorí àríyànjiyàn tí ìwé bá wà nídìí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni fún àwọn ọmọ tí ń gbọ́ ọ.