Ìtúfọ̀ Kì í Ṣe Ìròyìn

Olùkọ́ àgbà kan wà níwájú kíláàsì ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa àrokò. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì, ó sì wò ó fìrí. Àwòrán ọkọ̀ kan tó ti rún wómúwómú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni ẹnì kan fi sí orí WhatsApp àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lábẹ́ àwòrán náà, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta: R.I.P. Ní àkókò yìí, ìyàwó olóògbé wà nídìí ọjà rẹ̀ ní Bódìjà, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá tó bí i, ẹni ọdún 83, kò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti kẹ́dùn tán, tí wọ́n sì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ọdún 1978 ni bàbá olùkọ́ yìí kan náà jáde láyé, nígbà tí òun ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Àgbàlagbà méjì ni ẹbí rán sí i. Wọn kò sọ pé bàbá kú. Wọ́n ní ara bàbá kò yá, kí ó kó aṣọ díẹ̀ kí ó máa bọ̀. Wọ́n ra oúnjẹ fún un ní gáréèjì, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ọkọ̀ ku díẹ̀ kí ó wọ ìlú, èyí tó dàgbà jù nínú wọn dá ọwọ́ lé e léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì bàbá rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kí wọ́n tó dé ojúlé, ọmọ ti mọ̀, omi sì ti ń dà lójú rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwọn àgbàlagbà méjì náà ṣe ní orúkọ. Ìtúfọ̀ ni. Àṣìṣe tó gbòde lónìí ni pé àwọn ènìyàn ka ìtúfọ̀ sí ìròyìn. Ohun tí ìròyìn ń wá ni kí ọ̀rọ̀ di mímọ̀ kíákíá. Ohun tí ìtúfọ̀ ń wá ni kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ náà láì ṣubú, tàbí bó bá ṣubú, kí ọwọ́ wà nítòsí tí yóò gbé e. J. L. Austin, onímọ̀ kan ní Oxford, fi yé àwọn ènìyàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1962 pé àwọn gbólóhùn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, bíi kí a sọ ọmọ lórúkọ tàbí kí a so tọkọtaya pọ̀. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í dúró àyàfi bí ó bá ti ẹnu ẹni tó tọ́ jáde, ní ibi tó tọ́ àti ní àsìkò tó tọ́. Àwọn Yorùbá kò dúró de ìwé náà kí wọ́n tó mọ èyí.

Èdè fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ewúrẹ́ kú, adìyẹ kú. Ṣùgbọ́n ọba wàjà, àgbàlagbà sì papòdà, ó ré kọjá, ó fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Hausa tó bá fẹ́ bu ọlá fún òkú kò ní sọ pé “ya mutu”, “ya rasu” ni yóò sọ. Àwọn Akan ní Gánà a máa sọ pé igi ńlá ti wó bí ọba wọn bá lọ. Ààfin wọn sì ní okyeame, ẹni tí ọ̀rọ̀ ọba ń gba ẹnu rẹ̀ dé etí ará ìlú. Gbogbo wọn ló gbà pé ọ̀rọ̀ wúwo, àti pé kì í ṣe gbogbo èjìká ló yẹ kí ó rù ú.

Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2015, ìròyìn gba ìgboro pé Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ti wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìjòyè sẹ́, wọ́n ní ara Kábíyèsí le. Nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó kéde rẹ̀ bí àṣà ti wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ìròyìn wọn ọ̀rọ̀ wọn yóò rí irọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè kò ka ara wọn sí oníròyìn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò tíì sọ ọ́, nítorí náà ọba kò tíì wàjà.

Àwọn kan yóò ní ayé ti yí padà, pé ọmọ wà ní Kánádà, ẹ̀gbọ́n wà ní Àbújá, àti pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi òkú pamọ́ di ọ̀la. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti gbòde ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ìrìn-àjò asán. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tó sin òkú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ ń sọ fún ẹbí kí ó tó sọ fún ọjà. Ìyára kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àìtẹ̀lé ètò ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ìbòmọ́lẹ̀ ti pa àwọn kan lára. Òótọ́ ni èyí náà. Àwọn àna wà tó fi ikú ọkọ pamọ́ fún opó títí wọ́n fi kó ilé rẹ̀ tán. Olè ni ìyẹn, kì í ṣe ìtúfọ̀. Ìtúfọ̀ tòótọ́ ń dáàbò bo ẹni tí ọ̀fọ̀ bá, àwọn wọ̀nyí sì ń jà á lólè. Ìbá jẹ́ pé ètò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, opó ni wọn ì bá kọ́kọ́ sọ fún.

Kí a wá wo lẹ́tà mẹ́ta náà. Yorùbá kì í kí olókùú bákan náà. Bí arúgbó bá lọ, “ẹ kú ìnáwó” kò burú, nítorí ayẹyẹ ni. Bí ọ̀dọ́ bá lọ, “ẹ kú ìrọ́jú” ni, “ẹ kú àfẹ́kù” ni, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dárúkọ ìnáwó. Ìkíni náà ti mọ ọjọ́ orí òkú, ó ti mọ ẹni tí à ń kí. R.I.P. kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan náà ni fún ọmọ jòjòló àti fún bàbá àgbà, a sì lè tẹ̀ ẹ́ láì dìde lórí ìjókòó. Ìdílé tó bá ń kẹ́dùn báyìí kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi ní mọ ohun tí wọn yóò sọ bí wọ́n bá dé ilé ọlọ́fọ̀.

Olùkọ́ yẹn fi kíláàsì sílẹ̀. Ó gbé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin dání, wọ́n kọ́kọ́ gba Bódìjà, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ilé ìyá. Ọmọ aládùúgbò kan ti fi àwòrán ọkọ̀ náà han ìyá kí wọ́n tó dé. Wọ́n bá a lórí ẹní, kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló bi wọ́n: “Ta ni wọ́n rán sí mi?”

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n rán. Ìbéèrè yìí ni kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá ìdáhùn sí nígbà tí ara ṣì le. Kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa tú ọ̀fọ̀. Kí wọ́n fi ẹnu kò sórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kí òbí kọ́ ọmọ ní ìkíni ọ̀fọ̀ bó ṣe ń kọ́ ọ ní ìkíni òwúrọ̀. Ẹni tí kò sì rán ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ìyá olókùú, tí ẹbí kò rán, kí ó fi fóònù rẹ̀ sápò.