Ìbó Yàtọ̀ sí Ìfín: Lórí Àpá Ara Mọ́tò àti Orúkọ Tí A Ń Pè É

Nínú àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, "ìhọ" nìkan ni mo sábà ń rí fún gbogbo àpá tí ó lè wà lára ọ̀dà mọ́tò. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan yìí kò tó, àti pé àìtó rẹ̀ ń ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé ìlànà olójú-ewé kan fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ tí ń kọ́ bí a ti ń kun mọ́tò. Níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí a fi pépà tí ó kúná rọra gbo ojú àpá, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ fi pépà oníyanrìn họ ojú ibẹ̀." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn gba mọ́tò oníbàárà tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan òpó géètì. Ọ̀dà funfun ara òpó ni ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ọ̀dà mọ́tò fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ fara pa. Ọmọ náà mú pépà gbígbẹ tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó họ ọ́, ó họ ọ́, títí irin fi yọjú. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó fi owó ara rẹ̀ kun odidi ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ ọ́, sà, pé kí a họ ọ́." N kò rí èsì fún un. Ní èdè wa, ẹni tí ń họ nǹkan ń wá ohun tí yóò ṣí kúrò lójú rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń họ ìdí ìkòkò tí ó jóná. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá. Olùtumọ̀ ni kò gbọ́ iṣẹ́ ọ̀dà.

Ọ̀dà ara mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ó kan irin, òun ni kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Ọ̀dà aláwọ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tí ó bò wọ́n lókè kò ní àwọ̀ rárá, dídán àti ààbò ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo dábàá "ọ̀dà ìborí" fún un. Gbogbo wọn lápapọ̀ kì í sábà ju 0.1 sí 0.15 mìlímítà lọ ní nínípọn, ìborí sì jẹ́ nǹkan bí 0.05 nínú rẹ̀. Tákàdá ìkọ̀wé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Kí ìborí tó gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, bí a bá ń dán mọ́tò pupa, àkísà a di pupa, kò sì sí ewu níbẹ̀. Lára mọ́tò oníborí, bí àkísà bá gba àwọ̀, kí ẹni tí ń dán an yáa dúró.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a kó sábẹ́ "ìhọ". Ìlẹ̀mọ́ ni ọ̀dà àjèjì tí ó kàn lẹ̀ mọ́ ara. Bẹntiróòlù díẹ̀ lórí àkísà lè mú un kúrò. Ìbó ni èyí tí ó mú díẹ̀ lára ìborí, bí ìgbà tí orúnkún ọmọdé bó. Ìpara ìdán nìkan lè tó o, tàbí kí a kọ́kọ́ fi omi àti pépà tí ó kúná gbo ó. Ìfín ni èyí tí ó ti wọ ọ̀dà aláwọ̀ tàbí ìpìlẹ̀. Kò sí dídán tí ó lè pa á rẹ́, àfi kí a tún ọ̀dà fi dí i. Àwọn pẹ́ńtà a máa fi èékánná wọ́ orí àpá kọjá: bí èékánná kò bá kọ́, ìbó ni, bí ó bá kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìfín.

N kò ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti inú òfìfo. Àwọn agbẹ́gilére wa ti ya dídán, tí í ṣe mímú ojú ère jọ̀lọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára fínfín, tí í ṣe fífi ọ̀bẹ lana sí i. Fadá Kevin Carroll kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1967. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 ṣe bẹbẹ fún gírámà àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ibi tí ó yà sí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a kúkú yá "sìkíráàṣì" lò. Ọ̀rọ̀ àyálò kò bí mi nínú. "Bọ́ńpà" àti "pẹ́ńtà" tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀ kò ya ìbó kúrò lára ìfín. Kí ni a ó wá jèrè?

"Pépà oníyanrìn" náà ń fẹ́ àtúnṣe. Sílíkọ́ọ̀nù kábáìdì tàbí álúmínọ́ọ̀mù ọ́kísáìdì ni ó wà lójú rẹ̀ lónìí, kì í ṣe yanrìn. Àwọn àgbà ti ń fi ewé ìpín dán igi àti igbá kí pépà tó dé. "Bébà ìpín" ni èmi ìbá pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ́ńtà tí mo sọ ọ́ fún rẹ́rìn-ín. Kí olùkọ́ sì rántí sọ pé bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni ó ń kúná sí i, nítorí pé òdìkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò.

Mo ti tún ìlà tí mo ṣì kọ kọ báyìí: "Bí àpá náà bá jẹ́ ìbó, ẹ rẹ bébà ìpín nọ́ńbà 2000 sínú omi, kí ẹ rọra fi gbo ojú ibẹ̀, kí ẹ tó fi ìpara dán an. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀mọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan bébà rárá."