Àkókò Fóònù, Àkókò Àlọ́

Ilẹ̀ ti ṣú ní Kétu. Wọ́n ti jẹun alẹ́ tán. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, ó ní: «Ààlọ́ o!» Kò sí ẹni tó dáhùn. Ọmọ kan ń ṣeré lórí fóònù. Èkejì ń wo fíìmù. Bàbá pàápàá tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀. Ìyá àgbà dákẹ́, ó dìde, ó lọ sùn.

Èyí kò dára. Lóòótọ́, fóònù wúlò. Òun ni wọ́n fi ń pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kútọnu. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní àkókò tirẹ̀.

Fóònù mọ orin púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì ọmọ. Ìyá àgbà ló mọ̀ ọ́n. Bí fóònù bá sọnù, wọ́n lè ra òmíràn. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìyá àgbà.

Ọmọ tó bá ń wo fóònù títí òru kì í sùn dáadáa. Ní àárọ̀, kì í ráyè gbàdúrà. Ní ilé ìwé, ó ń tòògbé.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí àgbà kọ́kọ́ gbé fóònù tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kí ọmọdé tẹ̀ lé e. Kí wọ́n gbàdúrà pọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà bá sì ní «Ààlọ́ o!», kí gbogbo ilé dáhùn: «Ààlọ̀!»