Owó Òkèèrè Ń Gbẹ: Báwo La Ṣe Lè Máa Dáwó Ìlú Lọ́dọọdún Láìjà?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọbẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní ilẹ̀ Tógò, ọ̀rọ̀ owó la gbé wá lónìí. Kì í ṣe owó orí, kì í ṣe owó ìjọba. Owó tí àwa fúnra wa ń dá nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, nínú ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ àti nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ìsinsìnyí la ń sọ ọ́ rèé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí Donald Trump padà sórí oyè ní Amẹ́ríkà, ló fọwọ́ sí ìwé tó dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, USAID tó ń pín owó yẹn ti kógbá sílé. Ara owó yẹn ni wọ́n fi ń gbógun ti ibà ní Benin níbí. Ọdún yẹn kan náà ni Faransé gé ohun tó lé ní bílíọ̀nù méjì yúrò kúrò nínú ìrànwọ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti kéde pé òun máa dín tòun kù kó tó di ọdún 2027.

Ẹni tó wà lábúlé lè béèrè pé kí ló kan òun níbẹ̀. Ó kàn án dáadáa. Ọ̀pọ̀ ONG kékeré tó wà ní kọmúùnù wa, ọwọ́ ONG ńlá ní Kútọnu tàbí ní Lomé ni wọ́n ti ń gbowó, òkè òkun sì ni ONG ńlá ti ń gba tirẹ̀. Bí odò bá gbẹ lórísun, ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé korobá òfìfo relé. Pọ́ǹpù tó bá bàjẹ́, kò ní sí ẹni tó máa wá tún un ṣe. Olùkọ́ tí òbí àti ONG jọ ń san owó fún, ìdajì owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, níbi gbogbo báyìí, ohun tí wọ́n ń sọ nípàdé ni pé: “Ẹ jẹ́ ká dáwó.” Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìdáwó ìlú ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún. Bí wọ́n bá rí akápò lókèèrè, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé. Àwọn olórí ẹgbẹ́ á ní ahun làwọn èèyàn, tàbí kí wọ́n ní ìyà ló ń jẹ wọ́n. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìkórè. Àjàṣẹ́ níbí ni Samuel Bilewu Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ láti Ọ̀run, tí gbogbo wa ń pè ní Sẹ̀lẹ́, sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Lọ́dọọdún ni ìjọ yẹn ń ṣe ìkórè, àwọn ìjọ mìíràn náà sì ń ṣe é. Àgbẹ̀ tó ní òun kò rí 500 sẹ́fà fún pọ́ǹpù ìlú, lọ́jọ́ ìkórè á gbé iṣu, á gbé adìyẹ, á tún mú owó dání. Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ní páànù mọ́sálásí ń jò, ẹ ó rí owó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ tún wo àjọ, tí wọ́n ń pè ní tontine lédè Faransé. Obìnrin tó ń ta gàrí lọ́jà ń fún alájọ lówó lójoojúmọ́, kì í fo ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn kan náà ni o! Owó tó ń jáde lápò wọn níbẹ̀ yẹn, kí ló dé tí kò fi ń jáde fún ìlú?

Ohun tí a rí ni pé ìkórè ní ọjọ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń béèrè owó níbẹ̀, ẹni tí a mọ̀ ni, a sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Alájọ ní tirẹ̀ ń sàmì sí káàdì lójú ẹ, o sì mọ ọjọ́ tí o máa kó owó rẹ. Ìdáwó ìlú ńkọ́? Ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dé. “Ìdàgbàsókè” ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ gan-an. Tèṣí sì rèé, wọ́n kó owó lọ, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dì sójú kan nìyẹn. Ìdáwó ọdún yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ní kí ẹ mówó wá. Ọjọ́ tí a bá ka ìṣirò owó tèṣí sétí gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì ka ìṣirò, kò yẹ kó tún nawọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò yìí kò ní kó jẹ́ ìwé Faransé olójú ewé 20 tí akọ̀wé nìkan lè kà. Ìlà mẹ́ta tó: iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tó jáde fún, iye tó kù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri ilé ìwé. Ẹ kà á ní Yorùbá lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, níwájú ọba tàbí olórí abúlé. Rìsíìtì ẹni tó ta páànù, ẹ mú un dání. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, bí búlọ́ọ̀kù bá fọ́, bí ọ̀wọ́n símẹ́ǹtì bá jẹ owó, ẹ sọ ọ́ kí ará ìlú tó sọ ọ́ fún yín. Ohun tí à ń fi pamọ́ ló ń di ẹjọ́.

Owó tẹlifóònù ti mú kí dídáwó rọrùn: MoMo ti MTN àti Moov Money wà ní Benin, Flooz wà ní Tógò. Ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu lè fi 5 000 ránṣẹ́ kí ó tó jẹun tán. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà akápò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, owó ìlú á dà pọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, kódà bí akápò náà bá jẹ́ olóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí tẹlifóònù wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí kóòdù wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹnì kẹta máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú kàyé. Owó tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń yọ nígbà tí a bá ń gbowó jáde, ẹ kọ ìyẹn náà, nítorí ibẹ̀ ni ìfura ti ń wọlé.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ dárúkọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀. Ká ní abúlé kan ní agboolé 300, pọ́ǹpù wọn bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe sì ní 600 000 sẹ́fà ni. Ìpín agboolé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2 000. Kò sí ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń san, ẹ má tan ara yín jẹ. Ká ní agboolé 180 ló san, ìyẹn jẹ́ 360 000. Ó ku 240 000. Bí a bá rí ọmọ ìlú 48 ní Kútọnu, ní Èkó, ní Libreville, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 5 000 wá, owó pé. Ẹ rí i pé nǹkan yí padà: dípò “ẹ wá dáwó fún ìlú”, ó di “2 000 ni ìpín agboolé yín nínú omi tí ẹ̀ ń mu, ó sì ku èèyàn 48 tí à ń wá.” Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn mọ ibi tí òun dúró.

Ta ló máa lọ béèrè? Kì í ṣe gbohùngbohùn orí ọ̀kadà. Ìyá kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ládùúgbò, tó gba agboolé mẹ́wàá mọ́wọ́, tó kọ́kọ́ san tirẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, yóò mú owó wá ju ìkéde ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Lórí WhatsApp náà, bákan náà ni. Iṣẹ́ tí a rán sí gbogbo ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó gbà pé òun la rán an sí. Ẹ pe olúkúlùkù, kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ kí i, kí ẹ béèrè ilé kí ẹ tó béèrè owó.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ní Ṣábẹ àti ní Kétu, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni owó kajú ń wọlé. Lápá gúúsù, oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni àgbàdo ń bọ́ sílé. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ jẹ́ ọlidé ní Benin àti ní Tógò, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú sì ń wálé nígbà náà. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án, tí òbí ń wá owó ilé ìwé àti owó kàyé, ẹ má dán an wò. Ọjọ́ tí ẹ bá sì mú, ẹ má yí i padà. Àwọn aládùúgbò wa Xwla àti Xwéda ní Nonvitcha tiwọn, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1921. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n máa ń pé jọ ní Grand-Popo, ọmọ wọn tó wà lókèèrè kò nílò ìwé ìpè. Amẹ́ríkà tó lówó náà ń lo ọgbọ́n yìí: láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ya ọjọ́ Túsìdé kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún fífúnni, wọ́n ń pè é ní GivingTuesday.

Ohun kan tún wà tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Nínú gbogbo owó tí wọ́n fi ń ṣàánú ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ èèyàn bí èmi àti ìwọ ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ń wá, kì í ṣe ọwọ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ níbẹ̀ rí i pé àwọn tó fúnni lọ́dún kan tí wọ́n tún fúnni lọ́dún kejì kò tó ìdajì. Ìdáwó ọdọọdún kò lè dúró bó bá jẹ́ pé èèyàn tuntun là ń wá lójoojúmọ́. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bọ́mọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ẹni tó mú 500 wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tí omi bá yọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí kò rí owó tó fi ọjọ́ méjì gbẹ́ ilẹ̀, orúkọ tirẹ̀ náà yẹ kó wà nínú kàyé, torí ọ̀wẹ̀ la fi kọ́ ilé àwọn baba wa.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ẹni ńlá tó ní òun máa san gbogbo rẹ̀. Lọ́dún ìbò bíi 2026 yìí ní Benin, irú wọn kì í wọ́n. Ẹ má lé owó dànù, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú kàyé kan náà, lórí ìlà kan náà, bíi ti ìyá ẹlẹ́kọ. Bí ẹnì kan bá san gbogbo owó pọ́ǹpù, pọ́ǹpù rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ìlú mọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ lè wá ti ẹnu omi pa. Èèyàn 228 tó san díẹ̀díẹ̀, ta ló máa ti wọ́n mọ́ta?

Àwọn kan á ní: “A ń san owó orí, mẹ́rì ló yẹ kó ṣe é.” Wọ́n jàre. Láti ọdún 2003 tí kọmúùnù 77 ti ń ṣàkóso ara wọn ní Benin, kíkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ omi wà lára iṣẹ́ wọn. Tógò náà ti ní kọmúùnù 117, wọ́n sì dìbò yan àwọn olórí wọn lọ́dún 2019. Owó tí à ń dá kò gbọ́dọ̀ di ohun tí mẹ́rì máa fi sùn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó gbé kàyé tó mọ́ lọ sí ọ́fíìsì mẹ́rì, tó ní “360 000 rèé tí àwa ti dá, orúkọ àwọn tó dá a rèé, ẹ mú tiyín wá”, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ nìkan lọ.

A mọ̀ pé ìdáwó wa kò lè dí gbogbo ihò tí owó òkèèrè ṣí sílẹ̀. A kò lè fi 2 000 sẹ́fà ra oògùn ibà fún gbogbo kọmúùnù. Ṣùgbọ́n ó lè tún pọ́ǹpù ṣe, ó lè pa páànù lé kíláàsì kan, ó lè mú kí olùkọ́ kan dúró títí ọdún á fi parí. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ wá kàyé tèṣí jáde. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.