Oore-Ọ̀fẹ́ àti Òfin: Ta Ló San Gbèsè Ìwọ̀fà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí a ṣe lóore san owó oore náà padà. Ohun tí ó ń sọ ni pé oore a máa bí ọpẹ́, àti pé níbi tí ọpẹ́ kò bá sí, oore ti di ohun tí a jí kó. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ òwe yìí yékéyéké ti rí ọ̀nà dé ìdí ẹ̀kọ́ tí ẹ̀sìn Kristi ń kọ́ni nípa oore-ọ̀fẹ́ àti òfin.

Lóde òní, oore-ọ̀fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ jí ìwé wò nínú yàrá ìdánwò, ó yege, ó sì dìde láàrin ìjọ láti jẹ́rìí pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbé òun débẹ̀. Ní òdìkejì, àwọn mìíràn ti sọ ìgbàgbọ́ di àkójọ èèwọ̀: yẹtí, ṣòkòtò lára obìnrin, irú irun tí a dì. Ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń wọn ẹni tí yóò rí ọ̀run wọ̀. Ẹgbẹ́ kìíní rò pé ọ̀fẹ́ ni pé kò sí ohun tó kan ìwà. Ẹgbẹ́ kejì rò pé ìwà ni owó tí a fi ń ra ìgbàlà. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà.

Àṣà ìwọ̀fà láyé àtijọ́ lè là wá lọ́yẹ̀. Ẹni tó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, iye tí a yá ṣì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá san owó náà ni ìwọ̀fà tó lè padà sílé. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń ṣàlàyé fún àwọn ará Róòmù kò jìnnà sí èyí: òfin a máa fi gbèsè han ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè bá a san án. Ẹ̀kọ́ Kristẹni ni pé Kristi ti san án.

Èyí kò sọ òfin di ọ̀tá. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti kúrò lóko ẹrú Íjíbítì kí wọ́n tó dé òkè Sínáì tí wọ́n ti gba òfin. Ìdáǹdè ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀lé e. Nítorí náà, àwọn oníwàásù tó ń pe ẹ̀sìn àwọn Júù ní ẹ̀sìn òfin tí kò ní àánú kò ka ìtàn náà dáadáa. Ohun tí Pọ́ọ̀lù bá jà nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Gálátíà ni sísọ òfin di ẹnu ọ̀nà, tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọn tí kì í ṣe Júù gbọ́dọ̀ kọlà kí wọ́n tó lè jẹ́ ọmọ ilé. Nígbà tí Pétérù fà sẹ́yìn nídìí oúnjẹ àwọn wọ̀nyí ní Áńtíókù, Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo ènìyàn.

Àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ń wàásù oore-ọ̀fẹ́, àwọn ọ̀dọ́ yóò ya ìyàkuyà. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe tuntun. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ béèrè bóyá kí a máa dẹ́ṣẹ̀ kí oore-ọ̀fẹ́ lè pọ̀ sí i, ó sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní ọdún 1937, Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé tako oore-ọ̀fẹ́ olówó pọ́ọ́kú, èyí tí ń dárí ji ènìyàn láìyí ìwà rẹ̀ padà. Àkókò tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń gba ìjọba Hitler láyè ló kọ ọ́. Òun kò gbà á láyè. A sì yẹgi fún un ní oṣù kẹrin ọdún 1945.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìgbésí ayé ẹnìkan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ju ìwàásù lọ. Ní 1821 ni a kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Kò san kọ́bọ̀ fún òmìnira yẹn. Ṣùgbọ́n kò káwọ́ gbera. Ó di Samuel Ajayi Crowther, ó ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìwé Róòmù gan-an, níbi tí a ti ń jiyàn oore-ọ̀fẹ́ àti òfin, wà lára apá Bíbélì tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1850. Iṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ ló ra òmìnira fún un. Inú òmìnira ni wọ́n ti wá.

Ìwọ̀fà tí a san gbèsè rẹ̀ kì í sun oorun ọ̀sán títí ayé. Ó ń lọ sí oko tirẹ̀, kò sì sí olówó tó ń ṣọ́ ọ mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́rìí oore-ọ̀fẹ́, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ wo ibi tí ó forí lé lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá padà sídìí ìwé rẹ̀ tí ó sì kọ èrú sílẹ̀, oore ti bí ọpẹ́. Bí ó bá tún ń wá ẹni tí yóò jí ìwé rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣà inú òwe ni.