Híjàbù Bo Ẹwà, Kò Bo Èérí



Bí ọdún Iléyá bá ti kọjá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn ọmọbìnrin wa a máa tú irun tí wọ́n fi ṣọdún. Ìyá tó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ láti bá a tú u yóò rí ohun kan: ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, níbi tí onídìrí ti bẹ̀rẹ̀ ìdì, èérí kan yí irun ká bí òrùka. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Bí a bá fi ìka yọ ọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè, ó sì ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́.

A kì í sábà sọ̀rọ̀ èérí yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn a fi ìpara tuntun lé e lórí, wọn a di irun mìíràn, wọn a sì ní híjàbù ni yóò bò ó. A ti rí ọmọ kékeré ní ilé-kéwú tó ń họ orí láti ìta híjàbù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Àwa àgbà la jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí a jáwọ́ nínú àṣà yìí. Ẹwà ni Ọlọ́hun ní kí àwọn obìnrin wa fi híjàbù bò, kì í ṣe èérí.

Níbo ni èérí náà ti ń wá? Orí fúnra rẹ̀ ń mú díẹ̀ wá: òróró tó ń tinú awọ orí jáde, òógùn, àti awọ tó ti kú tó ń já bí èépá. Èyí kì í ṣe àrùn, bí Ọlọ́hun ṣe dá wa ni. Àwa náà wá ń fi ọwọ́ ara wa kún un. Fasilíìnì wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara inú agolo tí a fi ń pa orí, fasilíìnì kì í sì í yọ́ nínú omi. Jẹ́ẹ̀lì tí àwọn onídìrí fi ń tẹ irun iwájú mọ́lẹ̀ a máa gbẹ, a sì máa gan mọ́ irun. Eruku ọyẹ́ àti fọ́nrán òwú láti ara fìlà abẹ́ híjàbù ń lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan, kò hàn. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti gun ara wọn léra.

Omi pẹ̀lú wà níbẹ̀. Omi tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti Ṣàgámù láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, a máa gbé kálísíọ̀mù dání. Bí ọṣẹ bá pàdé kálísíọ̀mù, kì í hó dáadáa. Ńṣe ni méjèèjì ń di ìdọ̀tí funfun tó ṣòro láti ṣàn kúrò. Ẹni tó bá ń fi irú omi kànga bẹ́ẹ̀ wẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun ló ń lẹ̀ mọ́ etí báfù. Òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ irun. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi fẹ́ràn láti gbe omi òjò pamọ́ fún aṣọ àti orí: ọṣẹ díẹ̀ ni, ó ti hó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èérí ti bo irun ọmọ òun, kí ó da omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá ń yí kúrò bí ìgbà tí a dà á sórí ewé kókò, ọ̀rọ̀ ti dé bẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé bí a bá rí èépá funfun lórí, a ó rò pé orí gbẹ ni, a ó wá fi àdí tàbí òrí kún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé orí gbẹ. Ohun ẹlẹ́mìí tíntìnnì kan tó jẹ́ ẹbí ìwúkàrà ń gbé lórí ènìyàn, òróró orí sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí òróró bá pọ̀ tí a kò fọ̀ ọ́ kúrò, yóò gbèrú, orí yóò máa yún, èépá yóò sì máa pọ̀ sí i. Ìpara tí a rò pé a fi ń wò ó, òun gan-an lè máa bọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọsìn. Nínú ìwẹ̀ jánábà, omi gbọ́dọ̀ dé ìdí irun àti awọ orí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fi ìyàtọ̀ sáàárín òróró lásán, tí kò ní ara tó lè dí omi lọ́nà, àti ohun tó dì, tó ní ara bí ìda tàbí ọ̀dà, tí omi kò lè gba inú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ba ìwẹ̀ jẹ́. Ti ìkejì, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ní jẹ́ẹ̀lì àti ìpara ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè èwo ni tirẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, kí ó bi Àáfà rẹ̀.

Arábìnrin kan lè sọ pé, "Ṣebí Ànábì yọ̀ǹda fún wa kí a má tú irun?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà nínú Sahih Muslim pé ìyá wa Ummu Salamah bi Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun tú irun dídì òun fún ìwẹ̀ jánábà. Ànábì dá a lóhùn pé kò pọn dandan, pé ó tó kí ó bu omi sórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n orí tí omi lè wọ̀ ni ìrọ̀rùn náà wà fún. Nínú ìwé kan náà, nígbà tí wọ́n bi í nípa ìwẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù, ó kọ́ wọn pé kí obìnrin ra orí rẹ̀ gidigidi títí omi yóò fi dé ìdí irun. Hádíìsì mìíràn wà nínú Sunan Abi Dawud tó ní kí ẹni tó bá ní irun máa ṣìkẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí a di ìrọ̀rùn mú, kí a sì fi ìtọ́jú sílẹ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ pé fífọ irun léraléra ń mú kó gbẹ, kó sì máa já. Òótọ́ wà níbẹ̀. Irun àwa aláwọ̀ dúdú kò fẹ́ kí a máa fọ òun lójoojúmọ́. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà fún irú irun wa ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì sì jìnnà sí oṣù méjì. Ti owó ńkọ́? A kò sọ pé kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin máa sanwó onídìrí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A lè fọ orí láì tú irun.

Ẹ po ṣaǹpú díẹ̀ mọ́ omi nínú ìgò, ẹ dà á sí àárín ìlà irun, ẹ fi ìka ra awọ orí, kì í ṣe èékánná, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Nígbà tí ẹ bá wá tú irun, ẹ má tíì da omi sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró díẹ̀ tàbí kọndíṣọ́nà rọ òrùka èérí yẹn, ẹ fi ìka yọ ọ́, kí ẹ sì fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí. Bí omi bá kàn án kí ẹ tó yà á, irun lè ta kókó débi pé àlùmọ́gàjí ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ lè má hó dáadáa nítorí èérí. Ti ìkejì ni yóò hó.

Ẹni tí omi ilé rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, kí ó fi ṣaǹpú rọ́pò ọṣẹ, tàbí kí ó fi omi òjò ṣàn án kẹ́yìn. Fíníga náà wúlò: ṣíbí ìjẹun méjì nínú lítà omi kan, ẹ dà á sí irun, kí ẹ sì ṣàn án kúrò. Ẹ má fi kan ojú tàbí orí tó ní egbò. Ẹ má fi ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ fọ orí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da epo òyìnbó sí ọmọ lórí nítorí iná orí. Ó lè bó awọ, ó sì lè gbiná.

Ẹ jẹ́ kí irun gbẹ kí ẹ tó wé híjàbù lé e, kí ẹ sì máa fọ fìlà abẹ́ rẹ̀. Orí tó mọ́ nínú fìlà tó dọ̀tí, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Fìlà tí ẹ fi ń kírun láti Jímọ̀ dé Jímọ̀, ìgbà wo ni ẹ fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn? Ẹ bi onígbàjámọ̀ bóyá ó nu ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó fi kan orí ọmọ yín, nítorí ẹ̀rọ tó dọ̀tí lè kó làpálàpá láti orí kan dé òmíràn. Bí ìyá bá sì béèrè owó ṣaǹpú, ẹ má pè é ní afẹ́.

Bí ẹ bá rí ibi tó pá róbótó lórí ọmọ, tí irun ibẹ̀ ń já tàbí tó ń ṣe ọyún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Làpálàpá orí ń wọ inú ìdí irun, níbi tí ìpara kì í dé. Oògùn lílò láti ẹnu tí dókítà bá kọ ni í wò ó.

Ìmọ̀ràn wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ orí fífọ, kí ó sì dúró lé e. Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé dára, kí gbogbo orí lè mọ́ kí Jímọ̀ tó dé. Nígbà tí ọmọ wa bá forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ orí tí àwa òbí rẹ̀ tọ́jú. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ́tótó àti àlàáfíà jíǹkí ilé wa. Àmín.