Kí Ẹ Tó Yọ Fọ́tò Bàbá Àgbà Kúrò Lára Ògiri

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ti ta ilé rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ ohun tí onífọ́tò tí éjẹ́ǹtì rán wá máa ń sọ: ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ ṣí kọ́tìnì, ẹ tan gbogbo iná, ẹ yọ fọ́tò ẹbí kúrò lára ògiri. Mo fara mọ́ ọn. Orí Rightmove tí gbogbo ayé ń wò kọ́ ni ó yẹ kí ojú ọmọ yín wà. Lẹ́ńsì tó ń mú kí yàrá fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ ni n kò fẹ́ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé, iye mítà yàrá ni kí ẹ wò.

Àmọ́ ta ló ń yọ fọ́tò náà? Àwọn ọmọ ni. Wọ́n á gbé Bàbá Àgbà tòun ti fìlà abetí ajá sínú páálí láì mọ orúkọ rẹ̀. Mo bi ọmọ kíláàsì mi kan pé ta ló wà nínú fọ́tò pálọ̀ wọn. Ó ní, “Bàbá kan ni.”

Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ orúkọ, ìlú àti oríkì fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò kí ẹ tó pa páálí dé.